Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà yìí,
ní Caleta Honda, níbi tí òkun Chile ti ń fọ́ mọ́ àpáta.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi owó oṣù rà lẹ́nu mi:
Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo sọ ọ́ fún àlejò oníkámẹ́rà,
mo sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé tó fi imú lẹ̀ mọ́ gíláàsì,
mo sọ ọ́ lójú oorun lóru ọjọ́ kan,
ìyàwó mi gbọ́, ó sún sẹ́yìn.

Nínú gíláàsì, ṣọ́bìrì wà, akoto tó tẹ̀ níwájú orí wà,
fìtílà kan wà tí ìwé pélébé abẹ́ rẹ̀ ń wí pé:
“Fìtílà awakùsà. A kò mọ ẹni tó ni ín.”
A kò mọ̀ ọ́n!
Ọmọ rẹ̀ ló ń ta búrẹ́dì gbígbóná níwájú géètì,
Herminda, ọmọ Eleuterio tí ihò èédú abẹ́ òkun gbé mì.
Kò wọlé rí. Owó ìwọlé tó búrẹ́dì mẹ́jọ,
àtẹ̀gùn jẹ́ mẹ́rìnlá,
orúnkún rẹ̀ sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Oṣù Keje ni, òtútù mú dé eegun,
nígbà tí ayàwòrán ilé dé, Rayén Huenchul, ọmọdébìnrin.
Wọ́n ní kó tún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yà. Kò yà á.
Páálí ló tú sórí tábìlì àwọn apẹja, pẹ̀lú àtè àti abẹ.
Ó ní: “A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.
Ẹ̀yin lẹ ni orí. Abẹ nìkan ni mo mú wá.”

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ariwo sọ.
Àwọn awakùsà àtijọ́ ní kí yàrá ṣókùnkùn bí ihò.
Àwọn opó ní: “Òkùnkùn tó gbà wá lọ́kọ,
àwa kọ́ la máa tún un kọ́.”
Baudilio, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, lu tábìlì:
“Ojú nìkan lẹ fi ń kọ́lé!
Àtẹ́lẹwọ́ mi mọ gbogbo irinṣẹ́ yẹn lórúkọ.”
Wisnel, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí bàbá rẹ̀ gbé wá láti Haiti,
béèrè pé: “Àwa tí a dé lánàá ńkọ́?”
Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Òjò ló ń fèsì lórí páànù
títí Herminda fi ti abẹ sí i lọ́wọ́:
“Gé ilẹ̀kùn tìrẹ níbí. Má gé e kéré.”

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní kí n ṣí gíláàsì.
Mo gbé fìtílà sórí tábìlì, Herminda na ọwọ́,
ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀:
Ẹ má—
Ó yí i délẹ̀. Ìka rẹ̀ ń wá nǹkan lábẹ́ irin,
ó rí i: ilà tí wọ́n fi ìṣó fà, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.
“Àwa mẹ́ta la wà nílé,” ló wí,
ó sì fi ọwọ́ oníyẹ̀fun nu orí rẹ̀ bí ẹni nu orí ọmọ.
Ìyókù ọ̀rọ̀ náà gbẹ sí mi lọ́fun.

Ilé páálí náà ń dìde. Àtẹ̀gùn ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
pẹpẹ ti wá sílẹ̀ pàdé ọwọ́ ọmọdé,
wọ́n fi ààrò búrẹ́dì sí ibi tí tábìlì tíkẹ́ẹ̀tì wà.
(Wọn kò tíì parí ìjà lórí òkùnkùn o.
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni.)

Nígbà náà ni Rayén gé àga kékeré kan, ó nà án sí mi:
“Anselmo, níbo ni tìrẹ máa wà?”

Èmi? Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.
Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ààrò.
N kò gbé e sílẹ̀.
Inú àpò ẹ̀wù mi ló wà, kò ju èékánná lọ,
bí mo ṣe ń gun òkè lọ sílé nínú òjò,
mo ń fọwọ́ kàn án.